Ìṣápá inú Oko Simeon

Bí ẹ bá rí ọkùnrin gíga kan tó dé fìlà dúdú, tó ń gòkè lọ sí Nunhead láàárọ̀ Sátidé, tó ń wo ọgbà iwájú ilé oníkálukú bí ẹni tí wọ́n jí ewéko rẹ̀ gbé, Làtíìfù nìyẹn. Ọmọ Ìwó ni, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ó wa bọ́ọ̀sì ní South London fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò fi kọlu ológbò rí. Kì í mutí, kì í fa sìgá, kì í pẹ́ dé mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Èèyàn dáadáa ni. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìyẹn síbẹ̀, nítorí ohun tó kù tí a fẹ́ sọ kò fi bẹ́ẹ̀ dára.

Òjòwú ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìlara ló ń yọ wọ́n lẹ́nu: ohun tí ẹlòmíràn ní ló ń dùn wọ́n. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé owú ni: ohun tí àwọn fúnra wọn ní ni wọ́n ń ṣọ́ kí ẹlòmíràn má bàa gbà á. Làtíìfù ń se méjèèjì nínú ìkòkò kan ṣoṣo. Nígbà tí Mìsítúrà ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀fà, onígbàjámọ̀ kan ní Rye Lane kí i ní "Good evening, madam" lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Làtíìfù pààrọ̀ onígbàjámọ̀. Títí di òní olónìí, Camberwell ló ti ń gẹrun. Nígbà kan tún rèé, wọ́n fún awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Ọlátòkunbọ̀, ní ìwé ẹ̀yẹ pé ó mọ èrò kí. Láti ọjọ́ náà ni Làtíìfù ti ń kí gbogbo èrò tó bá wọ bọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú bí ilé ṣe jí, títí àwọn ọ̀gá fi kọ̀wé sí i pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ kì í tètè dé mọ́.

Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun fẹ́ dáko. Oko kéékèèké kan wà lórí òkè ní Nunhead tí káńsù ń yá àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ ẹ, ọdún mẹ́rin gbáko ni Làtíìfù sì fi dúró kó tó kàn án. Ọjọ́ tí wọ́n fún un ní kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà, ó pe Mìsítúrà, ó ní, "Ìṣápá tí ò ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí, èmi ni màá gbìn ín fún ọ."

Ọ̀rọ̀ ìṣápá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu Mìsítúrà. Ọmọ àgbẹ̀ ni. Ó ní gbígbẹ tí wọ́n ń tà ní Rye Lane kò ju kí èèyàn fi rántí ọbẹ̀ lọ, pé èyí tí a bá já lórí igi lọ́wọ́ àárọ̀, tí a sè pẹ̀lú ẹ̀gúsí kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyẹn ni òun ń pè ní ìṣápá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgbọ̀n ọdún tó ti jẹ irú rẹ̀ kẹ́yìn. Làtíìfù ń fojú inú rí i bí obìnrin náà yóò ṣe dúró sí ààlà oko, tí yóò ní, "Bàbá Àmínát, ẹ kú iṣẹ́, oko yín mà dára o." Kò sí ohun tó tún wù ú láyé ju gbólóhùn yẹn lọ. Ó ti ṣe Umrah, ó ti tọ́ ọmọ yanjú, ó ti kọ́lé sí Ìwó. Gbólóhùn yẹn ló kù.

Kò rí i gbọ́. Ní ọdún kìíní, àwọn ìgbín tí kò ní ìkarahun jẹ ìṣápá náà láti orí dé ìdí. Ní ọdún kejì, ó ga dé èjìká, ewé lásán ni, kò tanná títí òtútù fi pa á. Ní ọdún kẹta, afẹ́fẹ́ orí òkè dá a. Mìsítúrà ìbá ti gbà á níyànjú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba oko náà ló ti ká aṣọ sókè, tó fẹ́ wọ àárín ebè láti yẹ ilẹ̀ wò. Làtíìfù pariwo mọ́ ọn, ó ní kó jáde, kó má ba ebè jẹ́, kó wá ibi kan jókòó sí. Kì í ṣe ebè ló ń rò. Ọmọ aláṣọ ni òun, ọmọ àgbẹ̀ ni ìyàwó, ẹ̀rù sì ń bà á pé bó bá fi lè ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ yẹn, oko ti di tirẹ̀ nìyẹn, òun á wá di ẹni tí ń bá a gbé omi.

Mìsítúrà wá ibi kan jókòó sí lóòótọ́. Orí bẹ́ńṣì Simeon ni.

Simeon ló ni oko tó bá ti Làtíìfù pààlà. Ọmọ Jamaica ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣe káfíńtà títí egungun ìbàdí rẹ̀ fi bàjẹ́. Kó tó padà sí Peckham, ó ti fi ọdún méjìlá gbé ìlú kan létí òkun, níbi tí kùrukùru kì í ti í jẹ́ kí oòrùn yọjú títí di ọ̀sán, ibẹ̀ ló sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbin nǹkan sínú òtútù. Ohun gbogbo ló ń hù fún un. Ẹ̀wà rẹ̀ ń gun ọ̀pá, tòmátì rẹ̀ ń pọ́n, ọ̀dùnkún rẹ̀ ń wú ilẹ̀ sókè. Mìsítúrà á jókòó sórí bẹ́ńṣì, á máa sọ̀rọ̀, Simeon á máa fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ júwe ibí, júwe ọ̀hún, àwọn méjèèjì á sì bú sẹ́rìn-ín. Làtíìfù á na ẹ̀yìn láti ibi tó ti ń ro oko, á tẹ́tí. Nígbà tó bá dákẹ́ gbọ́, nǹkan tó máa ń gbọ́ ni, "Ah, Mister Simeon, your garden is too fine!"

Ìwọ̀nba ohun tí ara lè gbà nìyẹn. Ó gbà á fún ọdún mẹ́ta.

Ní ọdún kẹrin, ìyẹn ọdún yìí, Làtíìfù rí ohun tuntun ní kọ̀rọ̀ oko Simeon, lẹ́yìn ẹ̀wà. Ewéko mẹ́rin ni. Kúkurú ni wọ́n, wọn kò ga ju orúnkún lọ, ṣùgbọ́n igi wọn nípọn, ẹ̀ka wọn fún mọ́ra, ewé wọn dúdú minimini. Afẹ́fẹ́ tó tún dá ìṣápá Làtíìfù sí méjì lóṣù July kò mì wọ́n. Òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, àfi bí ẹni pé àwọn ló bẹ̀ ẹ́. Làtíìfù sún mọ́ ààlà, ó bi Simeon pé kí ni. Simeon wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní nǹkan kékeré kan láti etí òkun ni. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan níbẹ̀ ti ń ṣa irúgbìn èyí tó bá kúrú jù lọ láti ọdún dé ọdún, títí ó fi rí irú kan tí òtútù àti kùrukùru kì í ṣe ní nǹkan kan, tí afẹ́fẹ́ òkun kì í dá, tó sì ń gbó kí òjò September tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán, ó fa àwọ̀n bò wọ́n.

Ẹni tó bá mọ igbó tí wọ́n ń mu ti mọ ohun tí Simeon gbìn. Làtíìfù kò mọ̀ ọ́n. Igbó tó mọ̀ ní Ìwó ni èyí tí wọ́n ti ká sínú bébà, èyí tó mọ̀ ní Peckham ni òórùn tí ń bẹ lórí àtẹ̀gùn fúláàtì wọn. Tútù rẹ̀, kò rí i rí. Ohun tó rí láti abẹ́ àwọ̀n ni ewé tó là bí ìka ọwọ́, ewé kan ṣoṣo tó sì mọ̀ láyé tó là bẹ́ẹ̀ ni ewé ìṣápá.

Ó dé ilé, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná. Ọ̀rá irúgbìn ìṣápá tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Ọ̀fà lóṣù March wà níbẹ̀. Òun ti mú díẹ̀ nínú rẹ̀ gbìn. Ṣùgbọ́n ohun tó kù kò tó ohun tó yẹ kó kù. Ìdajì ti lọ.

Ẹlòmíràn ìbá béèrè. Òjòwú kì í béèrè, ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ dá a lóhùn. Làtíìfù pa kọ́bọ́ọ̀dù dé, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Mìsítúrà kó irúgbìn ilé bàbá rẹ̀, ó gbé e fún Simeon. Simeon fi ọgbọ́n etí òkun tọ́jú rẹ̀, ó di kúkurú. Láìpẹ́ yóò tanná. Simeon yóò já a, yóò gbé e fún Mìsítúrà, Mìsítúrà yóò sì wá sè é nínú ilé tí òun Làtíìfù ń san owó rẹ̀, òun yóò sì jókòó jẹ ẹ́! Ó ti oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mìsítúrà ní, "Ṣé ara yín ò yá ni?" Ó ní ara òun yá. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó fi sùn kọ ẹ̀yìn sí i, tí ó ń gbọ́ ẹ̀rín orí bẹ́ńṣì létí.

Lọ́jọ́ Monday, lẹ́yìn tó kírun Àsùbáà tí oòrùn sì ti yọ, ó mú àpò ìnájà kan, ó gba Nunhead lọ. Monday ni wọ́n máa ń tọ́jú ìbàdí Simeon ní ọsibítù, kò lè wá. Làtíìfù ṣí àwọ̀n, ó fi ṣọ́bìrì wú ewéko kan tòun ti gbòǹgbò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé olè kọ́ ni òun. Ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun, òun sì ni olóhun. Nínú bọ́ọ̀sì, òórùn nǹkan náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Obìnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Làtíìfù kò kà á sí, ajílẹ̀ Simeon ló rò pé ó ń rùn. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wo àpò, ó wo irùngbọ̀n funfun, ó gbé ọwọ́ sáyà, ó ní, "Respect, uncle." Inú Làtíìfù dùn. Ṣé ẹ rí i, àwọn ọmọ ìsinsìnyí náà mọyì àgbẹ̀.

Mìsítúrà ń po ògì nígbà tó wọlé. Ó gbé ewéko náà kalẹ̀ sórí tábìlì, iyẹ̀pẹ̀ dà sílẹ̀.

"Ìyá Àmínát, ṣé o mọ èyí?"

"Ewé kí ni?"

"Má bi mí. Ìwọ ni kó o sọ fún mi. Irúgbìn ta ni?"

"Irúgbìn kẹ̀? Bàbá Àmínát, mi ò mọ ohun tẹ́ ẹ̀ ń sọ o."

"Ìṣápá Ọ̀fà! Ìṣápá bàbá rẹ! O gbé e fún Simeon, ó hù fún Simeon, èmi ọkọ rẹ wá ń gbin èyí tí afẹ́fẹ́ ń dá. Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́, Mìsítúrà? Ṣé torí pé tèmi ò hù ni?" Ohùn rẹ̀ já lẹ́nu ibẹ̀, ojú sì tì í pé ó já.

Àmínát ọmọ wọn, tó ń ṣe olùkọ́ àwọn ọmọdé ní Brockley, tí ilé ìwé wọn wà ní ìsinmi, yọ láti yàrá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Imú rẹ̀ ló ṣáájú rẹ̀ dé.

"What is that sm... Daddy! Daddy, no. Ẹ gbé e kúrò lórí table, please. That's weed!"

"Kí ni wéèdì?"

"Igbó, Daddy! Igbó ni!"

"Igbó kọ́. Ìṣápá ni."

"Daddy, I grew up on this estate. Mo mọ igbó. Tí wọ́n bá rí i nínú ilé wa, my job is finished. Like, finished finished."

Mìsítúrà já ewé kan, ó ka ìka rẹ̀. "Méje," ó ní. "Ìṣápá kì í ju márùn-ún lọ." Ó rọra fi ewé náà sílẹ̀. Kò pariwo, kò sì rẹ́rìn-ín, Làtíìfù ìbá sì fẹ́ kó ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì. "Ẹ ní mo gbé kí ni fún ta ni?"

"Irúgbìn náà ti dín sí ìdajì. Mo wò ó."

"Ìyàwó Nasir ní mọ́sálásí ni mo fún. Ó bẹ̀ mí ni. Ẹ ò lè bi mí? Ọdún mẹ́tàdínlógójì, Bàbá Àmínát. Ẹ ò lè la ẹnu bi mí?"

Làtíìfù ń fi ọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ jọ lórí tábìlì. Àmínát ní kí wọ́n gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n dà á sínú páìpù ìgbọ̀nsẹ̀. Mìsítúrà ní rárá. Ó mú àpò dúdú tí wọ́n fi ń dalẹ̀, ó ki igbó náà sí i, ó so ó ní ìso méjì, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. "Ẹ gbé e padà fún olóhun. Ẹ sì sọ fún un pé ẹ̀yin lẹ jí i."

Ẹsẹ̀ ni Làtíìfù fi rìn lọ́tẹ̀ yìí. Kò tó bẹ́ẹ̀ láti tún wọ bọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ọlọ́pàá kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi iná ojú títì, ó sì ka Áyátúlù Kúrísíyyù, ẹsẹ Kùránì tí wọ́n fi ń wá ààbò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí iná tó di àwọ̀ ewé. Ẹni tí kò fi bọ́ọ̀sì kọlu ológbò rí ló wá di agbégbó lọ́jọ́ ogbó.

Simeon ti débẹ̀. Ó ti ọsibítù wá wo oko, ó bá ihò nílẹ̀. Ó ti wú mẹ́ta tó kù, ó ń já wọn sínú garawa. Nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó yí padà bí ẹni tí wọ́n ti wá mú. Làtíìfù lè yí padà, kó máa lọ, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ọ̀rọ̀ Mìsítúrà ni kò jẹ́. Ó gbé àpò dúdú kalẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀: ewé, irúgbìn, kọ́bọ́ọ̀dù, ìyàwó. Simeon gbọ́ ọ tán, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀fọ́ kẹ̀! Ó tún un pè, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà tán.

Ó ní oṣù mẹ́wàá rèé tí ìbàdí kì í jẹ́ kí òun sùn, pé òun mọ̀ pé òfin kò fàyè gbà á, ìrora ló ti òun débẹ̀. Ó ní lónìí, àgbàlagbà kan ló jí i nítorí ọbẹ̀, lọ́la, ẹni tó burú ju bẹ́ẹ̀ lọ lè wá. Àyà òun kò le tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Òun yóò dá kọ́kọ́rọ́ oko padà, òun yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n òun obìnrin létí òkun. Làtíìfù bẹ̀ ẹ́, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú tán, ṣùgbọ́n ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò jẹ́ kó lọ láìbéèrè rẹ̀.

"Kí lẹ máa ń bá ìyàwó mi sọ?"

Simeon fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ kan erùpẹ̀. Ó ní ilẹ̀ ni. Ó ní obìnrin yẹn mọ ilẹ̀ ju àwọn méjèèjì lọ, pé ìdajì ohun tó ń hù nínú oko òun, ẹnu rẹ̀ ni òun ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

A kò ní purọ́ fún ara wa. Nínú gbogbo ìtìjú ọjọ́ náà, bí Làtíìfù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Simeon ń lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti kọ̀wé sí akọ̀wé àwọn olóko pé kí wọ́n fi oko Simeon kún tòun. Ó ti ṣètò rẹ̀: òun yóò wó ààlà, òun yóò gbé bẹ́ńṣì náà wá sí ẹ̀gbẹ́ ebè òun, ibẹ̀ ni Mìsítúrà yóò ti máa jókòó, òun ni yóò sì máa yìn. Akọ̀wé dá a lóhùn pé ẹni tó kàn lórí ìwé ni wọn yóò fún. Ó ní kò burú, ta ni yóò tún dúró fún ọdún mẹ́rin?

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́tà wọlé láti ẹnu ọ̀nà. Orúkọ Mìsítúrà ló wà lára rẹ̀. Làtíìfù rò pé wọ́n ṣì í kọ ni, ó já a. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó gbé e lọ bá a níbi tó ti ń ká aṣọ.

"Wọ́n ní oko Simeon ti di tìrẹ."

Mìsítúrà gba lẹ́tà náà, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. "Alhamdulillah," ó ní jẹ́jẹ́.

"Ìgbà wo lo kọ orúkọ rẹ?"

"Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ lé mi jáde."

"O ò sì sọ fún mi."

"Ọdún mẹ́rin ni mo fi bínú sí yín, Bàbá Àmínát. Nínú ilé yìí. Mò ń gbé oúnjẹ fún yín, mo sì ń bínú. Ẹ ń ṣọ́ mi tọ̀sán tòru, ẹ ò rí i. Ọkùnrin lẹ ń wá."

Làtíìfù dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àpò ìwé òfìfo lọ́wọ́.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù October, Mìsítúrà wọ bàtà rọ́bà, òun àti ìyàwó Nasir pẹ̀lú obìnrin méjì mìíràn láti mọ́sálásí gòkè lọ. Làtíìfù ti wà nínú oko tirẹ̀ láti àárọ̀. Ó ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn ààlà. Mìsítúrà ká aṣọ sókè, ó kúnlẹ̀, ó bu erùpẹ̀, ó fún un lọ́wọ́, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó sọ nǹkan kan, àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Làtíìfù kò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rí báyìí láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn. Owú gbé e, èyí tó le ju ti Simeon lọ, torí kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó lè bá jà. Ilẹ̀ ni.

Ó lọ sí ààlà, ó bọ́ fìlà. "Ìyá Àmínát, ẹ kú iṣẹ́. Ṣé mo lè wọlé wá ràn yín lọ́wọ́?"

Mìsítúrà gbé ojú sókè, iyẹ̀pẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀. Ó rò ó dáadáa, kò sì fi ìbínú dáhùn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wá," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹ́ tèmi nìkan ná."

Làtíìfù padà sídìí ebè rẹ̀, ó mú ọkọ́, ó sì ń gbọ́ ohùn wọn títí di ìrọ̀lẹ́.